Addi Bâ, Ọmọ Ogun Tí Wọ́n Mú Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀kọ́ tòní gùn díẹ̀ ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ dé, kí ẹ padà wá nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Àwọn orúkọ ìlú òkèèrè pọ̀ nínú rẹ̀. A ó fi hàn yín bí a ti ń pe àwọn tí ó le.

Nílẹ̀ wa, bí ọ̀rọ̀ ogun Hitler bá délẹ̀, Bọ́mà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dárúkọ. Ibẹ̀ ni àwọn sọ́jà Nàìjíríà ti jà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Yorùbá ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ gàba lé lórí. Àwọn ará Kétu àti àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní Dahomey, ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, abẹ́ Faransé ni wọ́n sì wà. Faransé náà kó ọmọ ogun jọ láti Dahomey, láti Sẹ̀nẹ̀gà, láti Máálì, láti Gíní, àti káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ibi yòówù kí sọ́jà náà ti wá, sọ́jà Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ń pe gbogbo wọn. Ọmọ Kétu tí kò fojú kan Sẹ̀nẹ̀gà rí, bí ó bá ti wọ aṣọ ogun náà, sọ́jà Sẹ̀nẹ̀gà ni.

Ọ̀kan nínú àwọn sọ́jà wọ̀nyí ni a ó kà nípa rẹ̀. Addi Bâ ni orúkọ rẹ̀. (Àdí Bá ni kí ẹ pè é.) Kì í ṣe Yorùbá. Fúlàní ni, ọmọ ilẹ̀ Gíní. Àwọn Jámánì mú un ní ọdún 1940, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún mú un ní ọdún 1943. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò bọ́.

Kí ni ẹlẹ́wọ̀n ogun?

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ẹlẹ́wọ̀n ogun kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tí ó jalè tàbí tí ó pànìyàn ni adájọ́ ń sọ sẹ́wọ̀n. Ẹlẹ́wọ̀n ogun kò jalè, kò sì gba rìbá. Ogun ìjọba rẹ̀ ni ó ń jà tí ọwọ́ ọ̀tá fi tẹ̀ ẹ́.

Láyé àwọn baba ńlá wa, nígbà ogun Ìjàyè àti ogun Kírìjì, ẹni tí ogun bá kó di ẹrú. Wọ́n lè tà á, wọ́n sì lè fi í sóko. Òyìnbó náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tó di ọdún 1929, àwọn ìjọba púpọ̀ pàdé ní ìlú Geneva, ní ilẹ̀ Súwísì, wọ́n ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin náà ní kí wọ́n má ṣe lu ẹlẹ́wọ̀n ogun, kí wọ́n má ṣe pa á, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn. Bí wọ́n bá bi í léèrè, orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, tàbí nọ́ńbà rẹ̀, nìkan ni ó di dandan kí ó sọ. Wọn kò gbọdọ̀ fipá mú un kí ó tú àṣírí àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ sá, tí wọ́n tún rí i mú, ìyà kékeré ni kí wọ́n fi jẹ ẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ torí ìyẹn pa á.

Faransé fọwọ́ sí ìwé náà. Jámánì fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Láti Gíní dé Faransé

Bí ọdún 1916 ni wọ́n bí Addi Bâ, ní abúlé kan tí ń jẹ́ Bomboli, ní ilẹ̀ Gíní. Ilẹ̀ òkè ni apá ibẹ̀, àwọn Fúlàní ló pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sin màlúù, wọ́n sì ń ṣe ẹ̀sìn Ìmàle. Mùsùlùmí ni òun náà títí ó fi kú. Faransé ló ń ṣàkóso Gíní nígbà náà. Ọdún 1958 ni Gíní ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira.

Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti dé ilẹ̀ Faransé. Ó gbé lọ́dọ̀ ìdílé òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ owó orí gbígbà, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Langeais. (Ẹ pè é ní Lọ́ńjẹ̀ẹ́.) Bí ọmọ wa kan ṣe máa ń bá ọ̀gá ìjọba lọ sí ìlú mìíràn nígbà ayé Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ rí. Kò ga. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ pé ènìyàn kúkúrú ni.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, Jámánì wọ ilẹ̀ Pólàǹdì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbógun ti Jámánì. Ní ọdún yẹn kan náà ni Addi Bâ wọ iṣẹ́ ogun. A fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé fúnra rẹ̀ ni ó lọ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni wọ́n fipá mú, tí wọ́n ní kí baálẹ̀ fa ọmọ kalẹ̀, ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ti Addi Bâ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí Ẹgbẹ́ Kejìlá ti àwọn sọ́jà Sẹ̀nẹ̀gà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, tàbí ibi tó súnmọ́ ọn.

Oṣù kẹfà ọdún 1940

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún ọdún 1940, Jámánì ya wọ Faransé. Ogun náà yára ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ọkọ̀ ogun onírin ṣáájú, ọkọ̀ òfuurufú ń ju bọ́ǹbù láti òkè, àwọn ará ìlú kún títì, wọ́n di ẹrù lé kẹ̀kẹ́, lé ọmọlanke, lé orí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó parí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, Pétain, àgbà ọ̀gágun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba Faransé, sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní kí ìjà dáwọ́ dúró. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ o. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn sọ́jà Áfíríkà inú Ẹgbẹ́ Kejìlá ṣì ń jà ní abúlé kan létí odò Meuse, Harréville lorúkọ rẹ̀. (Ẹ pè é ní Arẹfíìlì.) Olórí ìjọba ti juwọ́ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ òkèèrè kò tíì juwọ́ sílẹ̀. Harréville ni ọwọ́ Jámánì ti tẹ Addi Bâ.

Ọmọ ogun Faransé tí àwọn Jámánì mú ní ọdún yẹn tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogójì, ìyẹn 1,800,000. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ju ẹlẹ́wọ̀n lọ. Hitler àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ka aláwọ̀ dúdú sí ẹ̀dá tí kò tó ènìyàn. Ní ibi púpọ̀, bí wọ́n bá mú àwọn sọ́jà, wọ́n á ya funfun sọ́tọ̀, wọ́n á ya dúdú sọ́tọ̀. Wọ́n á kó funfun lọ sí àgọ́. Wọ́n á yìnbọn pa dúdú.

Ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà, ní ìlú Airaines, wọ́n mú Kápúténì Charles N'Tchoréré, ọmọ ilẹ̀ Gabon. Wọ́n ní kí ó kúrò láàárín àwọn ọ̀gá sọ́jà, kí ó lọ dúró níbi tí àwọn dúdú wà. Ó ní ọ̀gá sọ́jà ni òun. Wọ́n yìnbọn pa á níbẹ̀. Ní Chasselay, lẹ́bàá ìlú Lyon, ní ọjọ́ kọkàndínlógún àti ogúnjọ́ oṣù náà, wọ́n pa àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti mú, tí ìbọn kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Itẹ́ òkú kan wà níbẹ̀ títí dòní, wọ́n mọ odi pupa yí i ká bí ilé apá Súdáànì. Sàréè àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà nínú rẹ̀ ju 180 lọ. Òfin Geneva wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Jámánì ti fọwọ́ sí i.

Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da Addi Bâ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Neufchâteau, tí kò jìnnà sí Harréville. Kò sí ẹlẹ́wọ̀n dúdú tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò rí ọjọ́ kejì. Òun àti àwọn sọ́jà Áfíríkà mélòó kan gbìmọ̀. Wọ́n sá.

Àwọn tí kò rí ọ̀nà sá ńkọ́? Àwọn Jámánì kò fẹ́ kí dúdú wọ ilẹ̀ wọn, nítorí náà inú Faransé níbẹ̀ ni wọ́n ti sé wọn mọ́ àgọ́, wọ́n ń gégi, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko. Òtútù àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Léopold Sédar Senghor, tí ó di Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1960, wà lára àwọn tí wọ́n sé mọ́lé bẹ́ẹ̀. Ọdún 1942 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Nínú igbó

Igbó kan wà ní tòsí Saint-Ouen, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Vosges, ní ìlà oòrùn Faransé. (Ẹ pè é ní Fóójì.) Inú igbó yìí ni wọ́n sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ igbó ilé wa, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ni igbó ọ̀hún rí. Lóòótọ́, igi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù gbogbo ewé a máa wọ́ dànù, a ó sì máa rí èèyàn láti òkèèrè. Òjò dídì a bo ilẹ̀ funfun báláú. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn bí ẹni fi yàǹgá. Kò sí iṣu láti wú, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti bẹ́. Bí èèyàn bá dáná, èéfín á pe ọ̀tá. Bí kò bá dáná, òtútù á pa á. Àwọn tí a bí sínú oòrùn Gíní àti Dahomey ni wọ́n wà níbẹ̀ o, pẹ̀lú aṣọ ogun tó ti gbó sára.

Ohun tó gbà wọ́n ni àwọn ará abúlé. Abúlé kékeré kan wà nítòsí tí ń jẹ́ Tollaincourt. (Ẹ pè é ní Tọlẹńkúù.) Àgbẹ̀ ni wọ́n. Olórí abúlé náà àti àwọn mìíràn mọ̀ pé àwọn sọ́jà dúdú wà nínú igbó. Wọ́n lè lọ sọ fún Jámánì. Wọn kò sọ. Wọ́n ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí rò ó wò, a sì rí i pé iṣẹ́ ńlá ni. Ó rọrùn láti sọ pé a ó gba àlejò. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ti kéde pé ẹni tó bá gba irú àlejò yìí yóò jìyà, tí oúnjẹ kò tó ilé, tí ọmọ sì wà nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò tilẹ̀kùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941, wọ́n rí ọ̀nà mú àwọn sọ́jà náà kọjá ibodè lọ sí Súwísì. Súwísì kò sí nínú ogun. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Jámánì nìyẹn. Addi Bâ wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè lọ.

Òun kò lọ.

Ẹ dúró níbí yìí, kí ẹ tún ìlà òkè yẹn kà. Ó ti sá kúrò lẹ́wọ̀n. Ó ti ye òtútù. Ọ̀nà ti là. Ó padà sí Tollaincourt, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ oko. Àwọn ará abúlé mọ̀ ọ́n, ọmọdé mọ̀ ọ́n, ó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri àwọn abúlé àyíká. Ọmọ Faransé tó bá ń fara pamọ́ lè pààrọ̀ aṣọ, ó lè yí orúkọ padà, kí ó di ẹlòmíràn. Addi Bâ kò lè pààrọ̀ àwọ̀ ara rẹ̀. Ibi tó bá gba kọjá lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹni tó rí i kò ní gbàgbé.

Iṣẹ́ ọ̀ranyàn

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 1943, ìjọba Pétain, tí ń ṣe ìfẹ́ Jámánì, ṣe òfin tuntun. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin Faransé, àwọn tí a bí láàárín ọdún 1920 sí 1922, wá lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Àwọn ọkùnrin Jámánì ti lọ sójú ogun tán, kò sí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìbọn. Àwọn tí wọ́n kó lọ títí ogun fi parí ju 600,000 lọ.

Àwa ọmọ Áfíríkà mọ iṣẹ́ ọ̀ranyàn dáadáa. Faransé fi ṣe àwọn ará Dahomey, ó fi ṣe àwọn ará Gíní, wọ́n fi la títì, wọ́n fi ṣe ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, owó kò sì sí níbẹ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n tó fagi lé e. Kò sì yani lẹ́nu pé nígbà tó kan ọmọ Faransé fúnra rẹ̀, òun náà sá wọ igbó.

Màkí ni Faransé ń pe irú igbó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń pe àwọn tó sá wọ̀ ọ́ ní màkí pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 1943, ọ̀rọ̀ délẹ̀ pé kí wọ́n dá àgọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń sá yìí ní apá Vosges. Ta ni ó mọ bí a ti ń gbé inú igbó náà nígbà òtútù? Ta ni ó ti ja ogun, tí ó mọ ìbọn, tí ó mọ bí a ti ń ṣọ́ òru? Addi Bâ ni. Òun àti ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ Marcel Arburger ló dá àgọ́ náà sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Àgọ́ Ìdáǹdè. Ó wà lára àwọn àgọ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè Vosges.

Ẹ ò rí i bí ayé ti ń yí? Ní ọdún 1940, ọmọ Faransé ló fún ọmọ Gíní lóúnjẹ nínú igbó. Ní ọdún 1943, ọmọ Gíní ló ń kọ́ ọmọ Faransé bí yóò ṣe yè nínú igbó kan náà. Ẹni tí òfin ìlú kò kà sí ọmọ onílùú tán ni ó di ọ̀gá wọn.

Oúnjẹ ni ìṣòro kìíní. Nígbà ogun yẹn, káàdì ni èèyàn fi ń ra oúnjẹ ní Faransé: iye búrẹ́dì, iye ẹran, iye òróró, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí káàdì. Ẹni tó sá wọ igbó kò ní káàdì. Láti ilé àwọn àgbẹ̀ ni oúnjẹ ti ní láti wá, ní òru, ní bòókẹ́lẹ́. Ìṣòro kejì ni pé ìbọn kò tó. Ìṣòro kẹta ni ẹnu. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n ní ìyá, wọ́n ní àfẹ́sọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá já bọ́ lọ́jà lè pa gbogbo wọn.

Ibi tí ewu ti wá gan-an, kì í ṣe ẹnu àwọn ọmọ náà. Àwọn ọmọ Jámánì méjì kan wà nínú àgọ́ náà, tí wọ́n kà sí ẹni tó ti kẹ̀yìn sí ogun Hitler. Ní oṣù keje ọdún 1943, àwọn méjèèjì sá lọ. Gbogbo àgọ́ mọ ohun tí ó kàn. Wọ́n tú ká, oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé kí ló dé tí wọ́n fi gbà wọ́n sáàárín ara wọn. Àwa kò ní dá wọn lẹ́bi. Addi Bâ fúnra rẹ̀, sọ́jà tó sá ni. Bí àwọn ará Tollaincourt bá ti wò ó pé àjèjì ni, ṣé ìtàn yìí ì bá wà?

Ẹnu tí ó dákẹ́

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje yẹn, àwọn Jámánì mú Addi Bâ. Ó gbìyànjú láti sá bí ó ti sá nígbà kìíní. Wọ́n yìnbọn lù ú, ó fara gbọgbẹ́, wọ́n sì gbé e lọ. Wọ́n mú Marcel Arburger pẹ̀lú.

Ní báyìí ẹ jẹ́ ká padà sí òfin Geneva. Ẹlẹ́wọ̀n ogun tó sá, tí wọ́n tún mú, ìyà kékeré ni ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn Jámánì kò ka Addi Bâ sí ẹlẹ́wọ̀n ogun mọ́. Wọ́n ní afẹ̀mí-ìlú-wewu ni. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ kan tó túmọ̀ sí Apániláyà Dúdú. Ẹni tí wọ́n bá ti fi orúkọ bẹ́ẹ̀ pè, òfin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Wọ́n dá a lóró. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju orúkọ lọ. Àwọn ọmọ wo ló wà nínú igbó? Níbo ni wọ́n sá gbà? Ta ni ó ń gbé oúnjẹ wá? Ilé ta ni ó ti ń sùn? Ẹ rántí pé ó ti lo ọdún mẹ́ta ní agbègbè yẹn. Ó mọ ilé àgbẹ̀ tó fún un ní búrẹ́dì. Ó mọ ìyá arúgbó tó bo ilẹ̀kùn. Ó mọ orúkọ olórí abúlé. Bí ó bá dárúkọ ẹni kan ṣoṣo, ilé kan á dahoro. Bí ó bá dárúkọ mẹ́wàá, abúlé kan á dahoro.

Kò dárúkọ ẹnì kankan.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Oṣù keje ni wọ́n mú un. Oṣù kẹjọ wọlé, ó wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, oṣù kọkànlá. Òtútù tún dé. Oṣù márùn-ún gbáko ni ó fi wà lọ́wọ́ wọn. Èèyàn lè fi agídí pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ ń ru. Ṣùgbọ́n láti jí ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí egbò máa dun ni, kí ebi máa pa ni, kí a mọ̀ pé orúkọ kan péré lè mú ìrora rọlẹ̀, kí a sì tún pa ẹnu mọ́ ní ọjọ́ náà, ìyẹn kì í ṣe agídí. Àwọn tí ó sì ń dáàbò bò yìí kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Wọn kì í ṣe ará ìlú rẹ̀. Ìjọba wọn ló ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Bomboli.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejìlá ọdún 1943, wọ́n mú Addi Bâ àti Marcel Arburger lọ sórí òkè kan ní ìlú Épinal. (Ẹ pè é ní Epináàlì.) Orúkọ òkè náà ní èdè Faransé ni Òkè Wúndíá. Wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì níbẹ̀. Addi Bâ jẹ́ ẹni bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lé Jámánì kúrò ní Épinal.

Orúkọ rẹ̀

Ẹ ó rò pé bí ogun ti parí ní ọdún 1945 ni Faransé ti wá bu ọlá fún un. Rárá o. Faransé ní àmì ẹ̀yẹ kan tí wọ́n ń fún àwọn tó kọjú ìjà sí Jámánì nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso wọn. Ọdún tí wọ́n fún Addi Bâ ní tirẹ̀ ni 2003. Ẹ yọ 1943 kúrò nínú 2003, ẹ wò ó. Ọgọ́ta ọdún ni. Ọmọ tí ó ń jẹ́lé-ó-sinmi lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ti di arúgbó kí ìwé náà tó jáde.

Àwọn ará ibi tó gbé ni kò dúró de ìjọba. Wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wọn. Ní Langeais, níbi tó ti gbé, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì kan ní ọdún 1991. Ní ọdún 2012, Tierno Monénembo, tí òun náà jẹ́ Fúlàní ọmọ Gíní, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan lórí ayé rẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n ṣe sinimá lórí rẹ̀. Sàréè rẹ̀ wà ní Colmar, ní ìtẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun, ní ìhà ìlà oòrùn Faransé níbẹ̀. Kò padà sí Bomboli mọ́.

Kí a tó ti ìwé lónìí, a ní iṣẹ́ kan fún yín. Nínú àpótí àwọn bàbá àgbà wa, ìwé ogun ṣì wà tí ẹnikẹ́ni kò kà rí: ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́, ìwé tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀, lẹ́tà tí ó wá láti Bọ́mà tàbí láti ilẹ̀ Faransé. Ẹ wo ilé yín. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, nítorí ìwé àtijọ́ a máa ya wẹ́rẹ́. Ẹ mú un wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ka orúkọ tó wà lókè rẹ̀ fún wa.